Oníbodè Ìjọba Tí Kò Wó

Ìjọba ni mo fẹ́ ṣọkọ. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba o, ìjọba gan-an alára. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi ní Ìtòkú, nínú ilé tí gbogbo wa ti ń ta aṣọ, ohun tí wọ́n sọ ni pé àgbẹ̀ ni, ó ní oko obì lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀, kì í mutí, ó ń kírun. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ká ní wọ́n sọ ọ́ ni, bàbá mi ì bá ní kí wọ́n yìnbọn sìn mí wọlé ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láyé àtijọ́, kí òyìnbó tó kó gbogbo wa sínú àpò kan, Ẹ̀gbá ń dá ìjọba tirẹ̀ ṣe. Ọ̀nà tó bá wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bodè wà níbẹ̀. Igi kan á dábùú ọ̀nà, ọkùnrin kan á jókòó tì í. Àlejò á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á sọ ìlú bàbá rẹ̀, á sọ ohun tó fẹ́ mú wọlé àti ohun tó fẹ́ mú jáde, kí wọ́n tó gbé igi fún un. Bàbá ọkọ mi ni oníbodè ojú ọ̀nà Ìbàdàn, ní abúlé wa níbí. Nígbà tí ogun Jámánì àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ lókè òkun, ìjọba Ẹ̀gbá wọ inú Nàìjíríà. Ọba wà, adé wà, ààfin ṣì wà ní Aké títí dòní, ṣùgbọ́n bodè parí. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn oníbodè pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹni tí wọ́n rán sí tiwa kò dé. Àwọn kan ní ẹmu ló dá a dúró lọ́nà. Àwọn kan ní ó rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó rí i pé òjò ṣú. Èyí ó wù kó jẹ́, bàbá ọkọ mi ní ẹni tó fi òun síbẹ̀ ló máa ní kí òun dìde, òun ò ní gba ti ẹnu àwọn tó ń kọjá lọ. Kò sẹ́ni tó wá. Ó jókòó títí ó fi kú, ó sì fi igi náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ọkọ mi.

Ẹ má rò pé ọ̀nà kan gbòógì ni o. Wọ́n ti la títì síbòmíràn láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Àwọn tó ń gba iwájú ilé wa kọjá kò ju ewúrẹ́, ọlọ́kadà tó ṣìnà, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Òṣíẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Gbogbo wọn ló ń dúró nídìí igi bodè náà, ìyẹn ọparun kan, láti dáhùn ìbéèrè. Ewúrẹ́ nìkan ni kì í dúró. Ọkọ mi ní kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn ewúrẹ́, kò mọ ìlú bàbá rẹ̀.

Bí ó bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, tó ṣanwọ́, ìtàn dé nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún un pé ìjọba Ẹ̀gbá ti parí nígbà ogun Jámánì, á fi í rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ọ? Òyìnbó? Òyìnbó ló sọ fún ọ pé òun ti gba ilé rẹ, ìwọ náà wá kó ẹrù rẹ jáde?"

Á wá tò ó bó ṣe rí lójú tirẹ̀. Ó ní òyìnbó wá lóòótọ́, ó mú ìwé dání pé kí ọba fọwọ́ sí i, kí Ẹ̀gbá lè wọ Nàìjíríà. Ọba ní, "Padà wá lọ́la." Òyìnbó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọba ní, "Ṣebí lọ́la ni mo wí?" Bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ń lọ tó ń bọ̀ títí ogun fi parí, tí bàtà rẹ̀ já, tí ìwé rẹ̀ gbó, ó bá bá tirẹ̀ lọ. Ó ní lásìkò yẹn, ńṣe ni àwọn ọba ayé ń já bọ́ bíi máńgòrò tó pọ́n. Ti Jámánì sá lọ sílé aládùúgbò. Ti Rọ́ṣíà, wọ́n pa á tọmọtọmọ. Ti Tọ́kì, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e sálọ. Ti Ẹ̀gbá nìkan ló jókòó sórí àpèrè tó ń rún obì.

Láti ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi ṣe wí, ayé tòrò. Rélùwéè tó bá ń bọ̀ láti Èkó gbọ́dọ̀ dúró ní Papalanto, kí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó kí Ẹ̀gbá kó tó wọlé. Símẹ́ńtì tó ń jáde lágbègbè ibẹ̀, a kì í tà á fún Èkó àfi tí wọ́n bá bẹ̀ wá. Iná kì í kú. Ní ọsibítù, dókítà ló ń dúró de aláìsàn. Ó ní obìnrin pàápàá ń jókòó ní bodè Papalanto, wọ́n wọ kakí, wọ́n de bẹ́líìtì, wọ́n ń yẹ ẹrù àwọn Gẹ̀ẹ́sì wò, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò tíì jẹ́ kí obìnrin tiwọn jókòó sọ́fíìsì.

Mo bi í lọ́jọ́ kan, mo ní, "Bàbá wọn, nínú Ẹ̀gbá tiyín yìí, ṣé odò ni mo ṣì ti ń pọnmi?"

Ó ronú sí i. Ó ní, "Rárá. Ẹ̀rọ omi wà."

"Níbo?"

"Iwájú ilé yìí gan-an."

Bí mo bá wá gbé garawa lérí tí mo dojú kọ odò, mo máa ń dágbére fún un pé, "Mò ń lọ síbi ẹ̀rọ o." Á ní ẹ̀rọ kò sí lápá ibẹ̀ yẹn. Mo ní, "Ìjọba ti sún un."

Mi ò bá a jà sí i. Ọkọ ẹlòmíràn ń mutí, ti ẹlòmíràn ń kó obìnrin kiri ìlú. Tèmi ń ṣọ́ ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Èwo ló burú níbẹ̀? Ó burú nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí.

Ọwọ́ wa ni ẹ̀gbọ́n rẹ dàgbà sí láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú. Ìgbà tó tó ilé ọkọ, ọmọ Ìjẹ̀bú kan, tíṣà jẹ́jẹ́ báyìí, gun ọ̀kadà wá kí wa, ó mú búrẹ́dì dání. Ọkọ mi fi igi dá a dúró.

"Ìlú bàbá rẹ?"

"Ìjẹ̀bú ni, sà."

"Kí lo fẹ́ mú wọlé?"

"Búrẹ́dì, sà."

"Kí lo fẹ́ mú jáde?"

Ojú ti ọmọ ọlọ́mọ. Ta ló máa dá dúró nínú oòrùn kó sọ fún àgbàlagbà pé ọmọ rẹ lòun fẹ́ mú jáde? Ó ní òun ò fẹ́ mú nǹkan kan jáde.

"Ẹ gbọ́ ọ? Kò fẹ́ mú nǹkan kan jáde. Kí ló wá ń wá kiri?"

Ó yí ọ̀kadà padà, a ò rí i mọ́. Búrẹ́dì nìkan ló rí àyè wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ọkọ mi sì ń ṣàlàyé fún un pé ìjọba ló kó o yọ nínú ewu.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó lọ mú ọmọ Ìbàdàn. Ìbàdàn! Ká ní ó mú ará Ṣáínà wá, ì bá sàn. Nítorí Ìbàdàn ni wọ́n ṣe gbé bodè wa sí ibi tó wà. Ọmọkùnrin náà ń tún fíríìjì ṣe, Kútọ̀ ni wọ́n ti pàdé, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń ránṣọ. Wọ́n fẹ́ra fún ìgbà pípẹ́, kò mú un débí. Ó ti kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìtọrọ, àwọn òbí ọkọ gbọ́dọ̀ wá. Mo dábàá pé ká ṣe é nílé bàbá mi ní Ìtòkú. Ọkọ mi ní ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé mú ọmọ Ẹ̀gbá jáde, olè ni. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá bá mi nídìí àdògán. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ìyá, bí èyí bá tún yí mọ́tò padà, mi ò ní mú ẹnikẹ́ni wá sílé yìí mọ́. Màá bá a lọ bẹ́ẹ̀ ni, láìsí àdúrà yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọmọ tí a tọ́ láti kékeré, kó wá lọ ilé ọkọ bí ẹni tó jalè! Láàárọ̀ ọjọ́ ìtọrọ, mo kúnlẹ̀ fún ìjọba.

"Ẹ gbé igi yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́, Bàbá wọn. Lónìí nìkan."

"Bodè kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí a ń ṣí nítorí àlejò."

"Ọmọ yín ni wọ́n ń bọ̀ wá fẹ́."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí n mọ̀ wọ́n."

Ó wọ kakí bàbá rẹ̀, èyí tí bọ́tìnnì kan ṣoṣo kù lára rẹ̀, ó lọ jókòó. Mo wo ọparun náà, mo wo iná tí mò ń dá lábẹ́ ìrẹsì. Ọlọ́run ló kó mi yọ.

Wọ́n dé nígbà tí oòrùn ti le, bọ́ọ̀sì kan tó kún dẹ́múdẹ́mú, iṣu lórí, ìyàwó ilé tí wọ́n ń kọrin nínú. Awakọ̀ tẹ hóònù. Ọkọ mi kò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Orin dáwọ́ dúró. Bàbá ọkọ ìyàwó wá yọ orí lójú fèrèsé. Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni ń lu páànù.

"Ta nìyẹn?"

"Oníbodè ni."

"Oníbodè kí ni?"

"Ti ìjọba Ẹ̀gbá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ìlú bàbá yín?"

"Ẹ gbọ́ mi," ṣọ́jà ní, "mo ti sin Nàìjíríà. Mo ti bá ejò sùn nínú kòtò. Ọparun kò dá mi dúró rí."

Ọkọ mi wò ó tàánútàánú. "Nàìjíríà? Ṣé ó ṣì wà?"

Àwọn obìnrin inú mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ṣọ́jà já bọ́ sílẹ̀, ó di kanrangídá.

"Ẹ̀yin tí ẹ sá pamọ́ sábẹ́ àpáta! Ẹ̀yin lẹ wá ń ṣọ́ bodè?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fìkarahun fọ́ri mu, ta ló fún yín ní mọ́tò?"

"Ta ló lé yín débẹ̀?"

"Ẹni tó lé wa, ṣé ó rí wa mú?"

Ọmọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe bẹ́ sílẹ̀, ó nà gbalaja sínú iyanrìn pẹ̀lú agbádá funfun. Ọkọ mi ní, "Dìde, ọmọ mi, n ò bá ìwọ jà. Ìlú rẹ ni." Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ láti inú mọ́tò pé oòrùn ń pa àwọn. Ṣọ́jà kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí awakọ̀ yí mọ́tò padà.

Mo gbọ́ tí awakọ̀ fi mọ́tò sí jíà. Mo ju ṣíbí ọbẹ̀ nù, mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò. Tó bá fẹ́ fàsẹ́yìn, kó gba orí mi kọjá.

"Àna wa, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi síbí, wọn ò rẹ́ni wá ní kó dìde."

Ṣọ́jà dúró. "Kò sẹ́ni tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

"Kò sí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ogun Jámánì."

"Èkejì?"

"Àkọ́kọ́."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ mi, ó wo kakí, ó wo bọ́tìnnì kan náà. Ó ní, "Háà. Ìyà yìí pọ̀." Ó ní nínú iṣẹ́ àwọn, ẹni tó bá wà lẹ́nu ìṣọ́ kò gbọdọ̀ kúrò àfi tí ẹlòmíràn bá wá gbà á, bí òjò ń rọ̀, bí ìbọn ń dún. Ó ní òun ti dúró lẹ́nu ìṣọ́ rí tí wọ́n gbàgbé òun, òun mọ bó ṣe ń rí. Ló bá kó ẹsẹ̀ jọ pọ̀ gbà, ó na àyà, ó gbọ́wọ́ sí iwájú orí bí ṣọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti ṣe é tó. Mo wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ọkọ mi dìde. Ó mú ọparun náà lọ́wọ́ méjèèjì. Mo ti ń ṣe alhamdulilahi lábẹ́ ahọ́n. Ló bá tún la ojú.

"Ẹ dúró ná. Ìlú bàbá yín, níbo lẹ pè é?"

"Ìbàdàn."

"Kí Ìbàdàn wá gba bodè Ẹ̀gbá lọ́wọ́ mi! Ohun tí wọ́n fi ogun wá tí wọn ò rí, kíkí ṣọ́jà lẹ fẹ́ fi gbà á!"

Ṣọ́jà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ dìde lẹ́yìn mọ́tò. A ń lọ."

Àṣà wa ni pé ìyàwó kì í jáde kí wọ́n tó pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò dúró kí wọ́n pè é. Ó jáde wá bẹ́ẹ̀, gèlè ní apá kan, ó dúró níwájú bàbá ńlá rẹ̀.

"Bàbá, èmi ń kọ́? Níbo ni ìlú bàbá mi?"

"Ẹ̀gbá ni. Wọlé lọ."

"Ẹ gbé igi fún mi. Èmi ni mo wá gbaṣẹ́."

"Ìwọ? Obìnrin?"

"Àwọn tó wọ kakí ní bodè Papalanto, tí wọ́n ń yẹ ẹrù Gẹ̀ẹ́sì wò, ṣé ọkùnrin ni wọ́n?"

Ọkọ mi la ẹnu. Ó wò mí.

Mo ní, "Ẹ dá a lóhùn, Bàbá wọn. Àbí ìjọba ti wó?"

Ó wo ọmọ náà títí. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń bi àlejò?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí tíṣà wá ni mo kọ́ ọ."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bà á, mo rí i. Ó na ọparun náà sí i. Lẹ́yìn tí ọmọ náà gbà á tán, ọkọ mi ò mọ ibi tí ó máa kó ọwọ́ sí. Ó kó o sápò, kakí náà kò lápò. Ó jókòó, ó tún dìde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kọjú sí ṣọ́jà. "Ìlú bàbá yín, sà?"

Ṣọ́jà wo ọmọ náà, ó tún kó ẹsẹ̀ jọ. "Ìbàdàn."

"Kí lẹ fẹ́ mú wọlé?"

"Iṣu, obì, orógbó, ataare, oyin, àti ìyá ọkọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ mú jáde?"

Ṣọ́jà ní, "Oníbodè."

Ariwo sọ nínú mọ́tò, ìyá ọkọ ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ igi. Ó ní ẹrù yẹn kì í ṣe èyí tí òun lè dá pàṣẹ lé lórí. Ó yíjú padà. "Bàbá, ṣé ó ṣeé mú jáde?"

Ọkọ mi wo ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìbàdàn, bí ẹni pé ó kọ́kọ́ ń rí i. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ó ṣeé mú jáde," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé a yá wọn ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé igi sókè. Bọ́ọ̀sì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìrẹsì ti jóná nídìí, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́jà ní irú èyí gan-an ni wọ́n ń fún àwọn jẹ lójú ogun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti wà nílé ọkọ báyìí, ó ń ránṣọ níbẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ rò pé ọkọ mi ti kúrò nídìí bodè o. Ó ṣì ń jókòó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní adelé ni òun. Bí àlejò bá dé, fóònù ló máa ń yọ, á pe Ìbàdàn, á béèrè bóyá kí òun ṣí i. Wọ́n á dúró nínú oòrùn títí oníbodè á fi parí aṣọ tó ń rán. Ìjọba tí gbogbo ogun Jámánì kò lè wó, inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìbàdàn ló wà lónìí.

Láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ pè wá, ó ní òun ti lóyún. Mo jó. Ọkọ mi kò jó, ó ń ṣírò. Ọmọ tó wà níkùn yẹn, Ìbàdàn ni ìlú bàbá rẹ̀. Ta ló máa wá gba igi lọ́la? Kò jẹun dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Àfi bí ìrọ̀lẹ́ kan ṣe dé, ó ṣanwọ́ tán, ó ní nǹkan kan wà nínú ìtàn tí òun kò tíì sọ fún mi rí.

Ó ní kí ogun Jámánì tó bẹ́, nígbà tí òyìnbó ṣì ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, àwọn àgbà Ìbàdàn wá sí Aké ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n bá Ẹ̀gbá mulẹ̀. Àdéhùn ni pé ọmọ tí àwọn méjèèjì bá jọ bí, ìlú méjì ni yóò ní, bodè kankan kò sì gbọdọ̀ dá a dúró.

Mo ní, "Ta ló rí wọn nígbà tí wọ́n ń mulẹ̀?"

Ó ní bàbá òun ló gbé igi fún wọn.